Rọ́bà Omi Tí Bàámi Rà Ní Láfẹ́nwá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì ga tó fèrèsé ilé wa ní Aké ní Abẹ́òkúta, bàámi ra ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù onídísù kan tó ti dàgbà jù mí lọ. Bó bá ń jí láàárọ̀, a máa wúkọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àdúgbò á gbọ́, la bá sọ ọ́ ní Baba Oníkọ́. Ìyá tó ń yan ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa a yára fi ìdérí bo àwo rẹ̀ kí èéfín tó dé. Iṣẹ́ tèmi ni láti bu omi sínú rádíétọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé. Bí mo bá gbàgbé, orí ìkúnlẹ̀ ni n ó ti mu ẹ̀kọ àárọ̀ mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ irú ìkúnlẹ̀ yẹn, tí òkúta wẹẹrẹ a fi orúkọ ara rẹ̀ sí èèyàn lórúnkún.

Èkó ni bàámi ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ìdájí ló sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ. Màámi, tíṣà ni, òun gan-an ló ń wa Baba Oníkọ́ lọ sí oko wa ní Itori ní Sátidé, òun náà ló sì ń ra páàtì rẹ̀. Kì í ṣàdédé dárúkọ ohun tó bàjẹ́ fún ọlọ́jà. Á tú èyí tó gbó, á wé e sínú ìwé ìròyìn, èmi á gbé e, ó di ọjà Láfẹ́nwá. Á gbé èyí tó gbó àti èyí tí wọ́n ń tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á fi ọwọ́ díwọ̀n bí wọ́n ṣe wúwo sí. Fíítà, ìyẹn asẹ́ epo ọkọ̀, tó bá fúyẹ́ bí agolo sàdíìnì òfìfo, á dá a padà. Bó bá jẹ́ rọ́bà, á tẹ̀ ẹ́, á wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e bóyá òwú tó ń gbé e ró wà láàárín rẹ̀, á sì gbé e sí imú. Ojú a máa tì mí! Àwọn ọlọ́jà á ní, "Tíṣà, ṣé ẹja lẹ wá rà ni?" Màámi á dáhùn pé, "Ẹja tó rà, ọbẹ̀ nìkan ló ń bà jẹ́." Ó máa ń sọ fún mi pé dídán kọ́ ni ojúlówó, pé tòkunbọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ rí tí kò là sàn ju tuntun tí kò ní bàbá lọ.

Ó wá ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan pé ojú Ìyá Àgbà, ìyá bàámi tó ń gbé ní Itori, ṣú. Wọ́n fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù kan ní Abẹ́òkúta, ọjọ́ Ẹtì, kó má kọjá aago mẹ́wàá. Bí ọjọ́ yẹn bá fò ó, ó tún di oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni màámi lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú. Bàámi gba àyè níbi iṣẹ́. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, a rí i pé rọ́bà tó ń gbé omi láti rádíétọ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnnì ti ń jò.

A lọ sí Láfẹ́nwá, ṣùgbọ́n bàámi kì í fẹ́ dúró pẹ́ lọ́jà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ nà sí i ló mú, ó ń dán bí bàtà ọdún Kérésì. Mo fà á láṣọ.

"Bàámi, màámi máa ń gbóòórùn ẹ̀ o."

"Mojísọ́lá, ìwọ ni mẹkáníìkì? Lọ jókòó sínú ọkọ̀."

Mo gbé e sí imú nígbà tá à ń lọ sílé. Ó ń rùn bíi sílípáàsì tuntun tí wọ́n da kẹrosíìnì sí. Mo dákẹ́, nítorí ìkúnlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a dé Itori wọ́ọ́rọ́wọ́, a gbé Ìyá Àgbà. A ò tíì rìn jìnnà lórí ìpadàbọ̀ nígbà tí nǹkan dún gbàù níwájú. Ooru funfun bo gíláàsì. Rọ́bà tuntun náà ti là gbooro bí èèpo ẹ̀wà tó gbẹ. Ìyá Àgbà tí kò ríran gbé orí sókè, ó ní, "Ta ló ń se nǹkan?"

Bàámi sáré lọ sí oríta, ó mú mẹkáníìkì kan wá, Bọ̀ọ̀dá Múfú, tó fi rọ́bà mẹ́ta kọ́rùn: tuntun méjì tó ń dán, tòkunbọ̀ kan tí eruku bò. Ọwọ́ bàámi ti kan tuntun kan kó tó dúró. Ó wò mí.

"Mojí, èwo ni màámi ẹ ì bá mú?"

Bí mo bá ṣì í mú, ojú Ìyá Àgbà ni yóò jìyà rẹ̀. Mo tẹ àwọn tuntun, wọn ò ta padà. Mo wo ẹnu wọn, kò sí òwú kankan. Mo tẹ tòkunbọ̀, ó ta padà kíá; mo ká a, kò là; mo gbóòórùn rẹ̀, rọ́bà lásán ni. Mo nà án sí bàámi.

Bọ̀ọ̀dá Múfú bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Èyí tí mo fẹ́ fi sínú ọkọ̀ tèmi lọmọ yìí mú!"

"Ẹ bá wa dè é," ni bàámi wí.

Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀ ká tó dé. Nọ́ọ̀sì ní àwọn ti pa ìwé dé. Mo rí bàámi, ọ̀gá ọ́fíìsì, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọbìnrin tí kò tó àbúrò rẹ̀. Wọ́n fi Ìyá Àgbà ṣe ẹni ìkẹyìn. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó tẹjú mọ́ bàámi, ó ní, "Àkànjí, ìwọ náà ti hu ewú!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, bàámi sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń nu ojú.

Láyé ìgbà yẹn, oòrùn ọjà á pa èèyàn kó tó rí ohun tó dára rà. Lóde òní, orí fóònù ni wọ́n ti ń ta páàtì. Èmi náà ń lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó, a sì ní píkọ́ọ̀pù onídísù tó ti gbó nílé. Ara páálí páàtì, nọ́ńbà wà tí wọ́n ní kéèyàn họ kó lè mọ ojúlówó. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà ti ń tẹ nọ́ńbà tiwọn. Láìpẹ́ yìí, ọlọ́kadà gbé fíítà kan tí mo rà wá fún mi. Mi ò tíì ṣí páálí rẹ̀ tán tí ọmọ mi obìnrin fi na fóònù sí mi.

"Mọ́mì, àwọn tó tà á ní kẹ́ ẹ tẹ ìràwọ̀ márùn-ún fáwọn pé ọjà àwọn dára."

"Sọ fún wọn," mo ní, "pé ká dé Itori ká bọ̀ ná. Ìràwọ̀ kì í yọ lọ́sàn-án."