Dókítà Eléyín àti Àwọn Ọ̀dọ́ Aṣọ́yẹ

Títí dòní, bí ọ̀rọ̀ olóògbé dókítà eléyín bá ti délẹ̀, ìtàn ẹnu olówó ọṣẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ. Olówó náà, tó ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ, gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú wá lọ́jọ́ kan. Dókítà ní kó yanu. Ó ki irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó fi òwú tẹ̀ lé e, ó wá fara balẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Sà, àwọn ọ̀dọ́ kan wà tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ létí adágún, kí wọ́n máa ka ẹyẹ, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ìtẹ́ wọn. Ọkọ̀ tí yóò gbé wọn, oúnjẹ tí wọn yóò jẹ, ibi tí wọn yóò sùn, ẹ ó bá wa gbọ́ bùkátà rẹ̀, àbí?"

"Ààà!" ni olówó wí.

"Ọlọ́run á bù kún un yín. Tọkùnrin tobìnrin?"

"Ààà! Ààà!"

Dókítà kọjú sí nọ́ọ̀sì rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Ó ní ká tún fi kún un."

Nọ́ọ̀sì yìí ti ń gbé irin fún un láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ti dúdú minimini. Ó sáré wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ki aṣọ ìnuwọ́ bọnu kí ẹ̀rín má baà pa á. Ó rò pé ọlọ́pàá ni olówó yóò pè tó bá dìde. Ṣùgbọ́n eyín tí kò jẹ́ kó sùn ti dákẹ́ wẹ́lo, inú rẹ̀ dùn, ó sì ṣe gbogbo ohun tí "ààà" rẹ̀ dá sí i lọ́rùn. Nígbà tó padà wá lọ́dún kejì, ẹnu ọ̀nà ló ti pariwo: "Mo ti gbà o, kí n tó jókòó!"

Nọ́ọ̀sì a máa wí fún un pé, "Dókítà, ẹ pè é ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ tún ń wá ẹni tí yóò bọ́ wọn kiri."

"Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ebi," ni yóò fèsì. "Bí a bá ní kí kálukú gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání, ọmọ olówó nìkan ni yóò mọ orúkọ ẹyẹ."

Kì í ṣe gbogbo òbí ló gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá ọmọbìnrin kan já wọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan, gèlè rẹ̀ ti wọ́.

"Dókítà, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ kó ọmọ mi lọ wo ẹyẹ. Ṣé ẹyẹ ò sí nílé wa ni? Ẹyẹlé kún òrùlé!"

"Ìyá mi, ṣé ẹyẹlé yín ń sọdá òkun lọ́dọọdún?"

"Kí ni ẹyẹ ń wá lọ sí òdìkejì òkun?"

"Kò sọ fún wa. Ohun tí ọmọ yín fẹ́ lọ bi í gan-an nìyẹn."

Ìyá náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Bí ẹnu rẹ̀ ti là, dókítà tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ jókòó síbí, mà. Eyín yín kan ń fẹ́ àbójútó."

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá dẹ̀rín ni pé òun fúnra rẹ̀ kò dá ẹyẹ mọ̀. Ojú tó ń rí ihò bíńtín nínú eyín kò ríran dé òkèèrè. Àwọn ọ̀dọ́ ló gbé ìròyìn dé fún nọ́ọ̀sì pé, nígbà tí bàbá bẹ̀ wọ́n wò létí adágún, ó gbé awò olójú méjì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú, ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́, òwìwí dúdú kan bà sórí igi lọ́hùn-ún. Wọ́n dákẹ́ títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n.

"Ẹ wò ó," ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹyẹ yìí mà ní sùúrù o!"

Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ bínú lọ́jọ́sí rọra sún mọ́ ọn. "Bàbá, ẹ má bínú o. Ọ̀rá ni. Afẹ́fẹ́ ló gbé e há síbẹ̀."

Dókítà tún wò ó fínnífínní, ó sọ awò kalẹ̀. "Ọ̀rá ni lónìí," ó ní. "Ẹ ò rí i lánàá."

Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, nọ́ọ̀sì a máa lọ jókòó tì í. Kì í ṣe ikú ló ń ba dókítà lẹ́rù.

"Ta ni yóò máa bá wọn wá ẹni tí yóò gbé wọn lọ? Ìwọ ni o."

"Èmi kẹ̀, Dókítà? Èmi tí n ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ológoṣẹ́ àti àdán!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ṣé o rí i kó dí mi lọ́wọ́?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó jẹ́wọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi ayé sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kò ní irin tí yóò ki bọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Wọ́n lé e níbòmíràn, àwọn mìíràn sì dá a lóhùn, títí ọkọ̀ fi rí epo, tí ìkòkò fi rí iná. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń lọ, ó bá wọn wọkọ̀, òun tí kò tíì débẹ̀ rí.

Ní ìdájí, ọmọbìnrin ọjọ́sí, tó ti di ọ̀gá níbẹ̀ báyìí, mú un lọ sí bèbè omi, ó sì fi awò olójú méjì lé e lọ́wọ́. Lójijì ni lékeléke gbéra lọ rẹrẹẹrẹ, omi sì funfun lábẹ́ ìyẹ́ wọn. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti wí nǹkan fún dókítà, ọmọbìnrin náà ló rí níbẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ rí wọn?"

"Mo rí wọn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì tún gbé awò sókè. "Jẹ́ kí n tún bá ẹnì kan wò wọ́n díẹ̀ sí i."