Nọ́ọ̀tì tí Ọ̀gá Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Dè

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta, iwájú píkọ́ọ̀pù náà fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wọ̀n ọ́n. Ó na téèpù láti ilẹ̀ dé etí irin tó bo táyà, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó sì pe iye rẹ̀ sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́.

Ọkọ rẹ̀ ló ni ọkọ̀ náà. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni láti máa gbé àwọn tó ń fọ́ òkúta lọ sórí òkè, kó sì gbé wọn bọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ní ọ̀dà, ọ̀gbun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nítorí ẹrẹ̀ ọ̀nà náà, ó ti so irin ńlá kan àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ jáde mọ́ imú píkọ́ọ̀pù rẹ̀. Ìwúwo wọn ti tẹ imú náà ba. Iná iwájú kò tan ọ̀nà mọ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń tàn, imú ọkọ̀ sì ń gbá òkúta.

"Ó dà bí ewúrẹ́ tó ń wá nǹkan tó sọnù," ni ajórin tí àtíbàbà iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wí.

"Ìwọ náà tẹrí ba báyìí ká wò ó," ni ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Bóyá wàá rí làákàyè rẹ he."

Ìyá Jáàkì ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, òun ni wọ́n ń jẹ́ kó gbé jáàkì tó wúwo jù lọ, torí àwọn ọkùnrin tó kù fẹ́ kó sá. Kò sá. Àwọn ọ̀gá mìíràn ti lé e kó tó dé ibẹ̀. Ọ̀kan ní obìnrin nínú ṣọ́ọ̀bù á lé oníbàárà lọ. Ẹlòmíràn wo ọwọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Èyí tó gbà á kò béèrè ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ: "Ṣé o lè dákẹ́ kí o máa wò?" Ó dákẹ́, ó sì ń wò. Nígbà tó gba òmìnira, kò lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Ó dúró ti Ọ̀gá. Mo sọ èyí kí o lè mọ ohun tó dí i lẹ́nu. N kò sọ ọ́ láti bá a bẹ̀bẹ̀.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára ògiri. Bí Ọ̀gá bá de nọ́ọ̀tì kan tán, yóò ti ìka bọ ọ̀dà funfun, yóò sì fà á kọjá lórí nọ́ọ̀tì náà dé ara irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi sípánà kàn án. Ẹni tó bá kàn án ti sọ fún Ọ̀gá pé ọwọ́ rẹ̀ ti kú. Wọ́n ní ẹnì kan dán an wò rí. Àpò aṣọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sójú títì kí òun fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ọwọ́ Ọ̀gá sì ti ń gbọ̀n tipẹ́. Gbogbo wọn ló rí i. Tíì ń dà sára ṣòkòtò rẹ̀ kí ife tó dé ẹnu. Ajórin ní òtútù ni. Àwọn kan ní àgbà ló dé. Ẹ̀gbọ́n mi kò pè é ní nǹkan kan. Ó kàn ń rí i dájú pé iṣẹ́ tó le kì í dé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Á ní, "Ẹ jókòó, sà, ẹ máa wò wá." Á gbé àga fún un. Wọ́n ń pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀.

Lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá dìde lórí àga. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi ló ni ọkọ̀ yìí," ó wí. "Ẹnikẹ́ni ò ní bá mi ṣe apá òsì. Èmi fúnra mi ni."

Inú ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dùn dé eyín. "Ẹ̀yin fúnra yín, Bàbá? Háà, mo ti gbayì lónìí!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe méjèèjì," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Oòrùn ti ń mú."

"Ṣé oòrùn ló fẹ́ pa mí ni, àbí ìwọ?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi pé ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀, pé ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé omi tútù mì láìtíì jẹun.

Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀, wọ́n gbé e ka orí irin ìdúró, wọ́n tú táyà iwájú méjèèjì. Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ṣọ́ọ̀kì tuntun tí wọ́n fẹ́ fi sí i, ọ̀pá irin tó ń gba jìgìjìgì ọ̀nà mọ́ra, ní ìlà mẹ́rin tí wọ́n gbẹ́ yí ara rẹ̀ ká. Òrùka irin kan ló ń jókòó sínú ọ̀kan nínú wọn, sípíríǹgì sì ń jókòó lórí òrùka náà. Bí ìlà tí o bá yàn bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni imú ọkọ̀ yóò ṣe gòkè tó. Sípíríǹgì àtijọ́ ni wọn yóò tún lò, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin oníkọ̀ọ́ méjì fún un pọ̀ kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Irin méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ máa wọlé, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí ọ̀kan bá ṣáájú èkejì, sípíríǹgì á tẹ̀, ìkọ́ á yọ̀, irin náà á fò. Kò ní béèrè orí ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ó yí ọ̀kan. Ó tún yí i. Ó gbàgbé èkejì.

Ẹ̀gbọ́n mi rí sípíríǹgì náà tó ń tẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹni tó ru ẹrù lápá kan. Ajórin náà rí i, ó sì rántí lójijì pé òun ní iṣẹ́ níta. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò mọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Ọ̀gá létí, ó ń ya fọ́tò.

"Ọ̀gá, omi yín rèé," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó na ife sí i. "Ẹ mu díẹ̀, sà."

"Mo ní kí o bu omi fún mi ni?"

"Ẹ mu, sà. Iṣẹ́ ò ní sá lọ."

Bí Ọ̀gá ṣe gbé orí sókè láti mu, ẹ̀gbọ́n mi yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na apá, ó yí irin kejì títí sípíríǹgì fi tọ́ padà. Ó ní òun ń gbọ́ bí irin ṣe ń ké, òun sì ń ronú pé ọkọ òun nìyí, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ohun tó lè gé e kúrò. Kò sọ fún un pé kó kúrò. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá á béèrè ìdí rẹ̀.

Wọ́n fi òrùka sínú ìlà kẹta. Wọ́n dá sípíríǹgì padà, wọ́n gbé ṣọ́ọ̀kì sí àyè rẹ̀. Ó wá ku nọ́ọ̀tì ńlá tó so apá irin òkè mọ́ ibi tí táyà ń dúró lé. Nọ́ọ̀tì yìí ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bó bá jáde lójú ọ̀nà, táyà á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, ọkọ̀ á sì gba ibi tí táyà bá dojú kọ.

Wọ́n ní sípánà kan tó máa ń ké "kọ́ọ̀" bí nọ́ọ̀tì bá ti le tó. Ẹ̀gbọ́n mi fi de tọ̀tún. Ó ké. Ó na sípánà náà sí Ọ̀gá, ó padà sápá tirẹ̀, ó sì dúró jẹ́ẹ́, ó ń fetí sílẹ̀. Ó gbọ́ tí sípánà já bọ́. Ó gbọ́ tí wọ́n gbé e. Ó gbọ́ mímí Ọ̀gá. Ó dúró de kọ́ọ̀ náà, kò dún.

Ó yọjú. Ìka Ọ̀gá ti wà nínú ọ̀dà funfun.

"Ó parí," ni Ọ̀gá wí.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ohun tó sọ nìyẹn. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, kó má baà jẹ́ pé etí mi ló gbọ́ ọ sódì.

Wọ́n dá táyà padà, wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Iwájú bá ẹ̀yìn dọ́gba. Ajórin padà wọlé nígbà tí ewu ti tán lójú tirẹ̀. "Ewúrẹ́ ti gbórí sókè!" ló ń pariwo. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ méjèèjì sínú àpò. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti wọ ọkọ̀, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró de òun lórí òkè.

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ lé ojú fèrèsé ọkọ̀. "Rọra wà á. Bí o bá gbọ́ ohun tó ń dún kò-kò lápá òsì, dúró."

"Kí ló máa dún kò-kò? Ṣebí Bàbá fúnra wọn ló ṣe é."

Ọ̀gá wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ó ń gbọ́ mímí rẹ̀.

"Kò sí o," ó wí. "Ṣáà rọra."

Ọkọ̀ lọ. Nígbà tí eruku rẹ̀ rọlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi yọ fóònù rẹ̀. Ó pe ọkọ rẹ̀. Ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ ní ẹni tó ń pè kò sí níbi tí wọ́n ti lè rí i. Ó tún pè. Ó tú ẹ̀rọ kan tí kò bàjẹ́, ó sì dè é padà. Ó tún pè. Ọ̀gá ní, "Ṣé ọkọ ni wọ́n jí gbé ni?" Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín fún un. Lẹ́yìn náà ló tọ ajórin lọ, ó ní kó yá òun ní alùpùpù, òun fẹ́ lọ ra girísì. Ajórin wo ojú rẹ̀, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́, kò sì dápàárá kankan. Ẹ̀gbọ́n mi fi aṣọ wé sípánà tó ń ké náà, ó gbé e sáyà.

Ọ̀nà òkè náà ń yí bí ìfun. Ní gbogbo ibi tó bá ti yí, ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ ń wo ọ̀gbun. Ó ń wá irin tó ń dán nísàlẹ̀. Ó ń wá eruku tí kò tíì rọlẹ̀. Kò rí nǹkan kan, ìyẹn náà sì ń bà á lẹ́rù, torí igbó ìsàlẹ̀ náà ki tó láti gbé ọkọ̀ mì. Ó wá wo ojú ọ̀nà, ó sì rí ipasẹ̀ táyà ọkọ rẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Ipasẹ̀ ọ̀tún tọ́. Tòsì ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ. Níbi kan, méjèèjì yà lọ sí etí ọ̀gbun, òkúta etí rẹ̀ ti já bọ́, wọ́n tún yà padà sójú ọ̀nà. Ó ní òun kígbe níbẹ̀, òun nìkan, òun ò sì mọ ohun tí òun kígbe.

Lẹ́yìn kọ́nà tó tẹ̀ lé e, ó rí píkọ́ọ̀pù náà tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kún ẹ̀yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń fì níta. Ẹ̀gbọ́n mi ju alùpùpù sílẹ̀, ó dúró sáàárín ọ̀nà, ó na apá méjèèjì. Ọkọ̀ náà bu bíréèkì. Imú rẹ̀ tẹ̀, ohun kan dún lápá òsì, gbì, ó yà sọ́nà ọ̀gbun, ó sì dúró.

"Ìyàwó ti dé o!" ni àwọn ọkùnrin náà ń kígbe. "Dírẹ́bà, kí lo ṣe? Jẹ́wọ́ o!"

"Ẹ bọ́ sílẹ̀, gbogbo yín," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ti wà lábẹ́ ọkọ̀.

Ó fi ìka méjì mú nọ́ọ̀tì náà. Ó yí. Kò lo sípánà, ìka lásán ni. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ibi tó ń gbà jáde.

"Kí ló dé?" ni ọkọ rẹ̀ ń béèrè lókè. "Ó ń dún kò-kò bí o ṣe wí. Mo ní ara tuntun ni."

"Òkúta ló há síbẹ̀."

"Òkúta?"

"Òkúta ni mo wí."

Ó dè é títí sípánà fi ké. Ó tún dè é, ó tún ké. Nígbà tó fà jáde, ó jókòó sórí ilẹ̀, ó sì bì. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. "Ẹ kú oríire o! Ọ̀sán gangan ni oyún fi ara rẹ̀ hàn!" Gbogbo wọn ń yọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ béèrè bóyá òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀. Irọ́ náà rọrùn ju òótọ́ lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ dé ilé, ìlà ọ̀dà funfun náà ti gé sí méjì, torí nọ́ọ̀tì kò sí níbi tí Ọ̀gá fi í sí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi nù ún kúrò, ó ti ìka tirẹ̀ bọ ọ̀dà, ó sì fa ìlà mìíràn.

Ẹwà ọkọ̀ náà ti mú àwọn oníbàárà mìíràn wá. Wọ́n ń béèrè fún Ọ̀gá fúnra rẹ̀. Inú Ọ̀gá ń dùn, kò jókòó sórí àga mọ́, apá òsì ló máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ń yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bá ráyè. Nígbà mìíràn, olówó ọkọ̀ á ti wà á lọ kó tó ráyè.

Mo ní kó sọ fún Ọ̀gá.

"Ẹni tó gbà mí nígbà tí gbogbo ayé lé mi? Ẹnu wo ni màá fi sọ ọ́? Ọkọ mi ò ṣáà kú."

"Ọkọ ẹlòmíràn ńkọ́?"

Mo ní kí n lọ sọ ọ́ fúnra mi. Ó ní lọ́jọ́ tí mo bá sọ ọ́, òun kò ní àbúrò mọ́. Mo ti gbọ́. Mo sì ti kọ ọ́ síbí.

Ìwọ tó ń kà á, ìwọ náà mọ àgbà kan tí gbogbo yín ń gbé àga fún, tí iṣẹ́ rẹ̀ lè pa ènìyàn, tí ẹ ń tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Má gbé omi fún un mọ́. Má yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Dìde, lọ bá a lónìí, wò ó lójú, kí o sọ fún un pé kó gbé sípánà sílẹ̀.