Iná Tó Kù Nínú Agolo

Ọkọ mi ń kọ́ni ní físíìsì ní Òkukù, ṣùgbọ́n orí tábìlì ìjẹun wa ní Ìkìrun ló ti ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ iná NẸ́PÀ di irú iná tí bátìrì ń lò, kó lágbára tó láti máa chájì àwọn bátìrì ńlá tí a ó fi tan gbogbo ilé. Ó yàwòrán rẹ̀, ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Àwọn obìnrin kan fẹ́ ọkọ tó ń mutí. Èmi fẹ́ èyí tó ń kó ikú sórí tábìlì. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́.

Àwọn kàpásítọ̀ rẹ̀, tó ń fa iná pamọ́ sínú, ló ń bà mí lẹ́rù jù, wọ́n tó agolo mílíìkì. Ó ní bí wọ́n bá tiẹ̀ mú iná lọ, iná tó lè pa ènìyàn ṣì wà nínú wọn. Kò tíì ṣe ibi tí iná náà yóò máa gbà jáde fúnra rẹ̀. Gílóòbù ló fi ń fà á tán kó tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó wà ní ilé ìwẹ̀ nígbà tí wọ́n mú iná. Mo jáde láti ilé ìdáná, mo sì bá ìyá rẹ̀, tí wọ́n wá kí wa láti Eko Ende, nídìí tábìlì pẹ̀lú àkísà tútù. Màámi kì í sún mọ́ wáyà tí iná bá wà. Tí NẸ́PÀ bá ti mú un lọ ni wọ́n máa ń nu ilé, nítorí lójú tiwọn, wáyà ti kú nìyẹn.

Ìyàwó kì í jágbe mọ́ ìyá ọkọ. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú..."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Dìde, ìyàwó mi. Kí lo fẹ́?"

Àkísà náà ṣì ń lọ síbi àwọn agolo. Mo fò dìde, mo fa ìró wọn látẹ̀yìn, àwa méjèèjì sì ṣubú sórí àga.

"O fà mí láṣọ?" Ojú wọn le.

Ọkọ mi sáré dé pẹ̀lú ọṣẹ létí. Ó mú gílóòbù rẹ̀, ó fi wáyà rẹ̀ kan àwọn kàpásítọ̀ náà. Gílóòbù tàn gbòò nínú ilé tí kò síná, ó mọ́lẹ̀ débi pé mo dijú, lẹ́yìn náà ló wá rọra kú.

Màámi wo gílóòbù náà, wọ́n wo àkísà ọwọ́ wọn tí omi ń kán lára rẹ̀.

"Ìyàwó mi, lọ́jọ́ mìíràn, kọ́kọ́ fà mí. Tó bá yá, kí o wá kúnlẹ̀."