Ọkọ̀ Tí Ọ̀gá Mi Fi Dá Mi Dúró

Tí mo bá rántí ìgbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìdímù, kì í ṣe ojú ọ̀gá mi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ìró ọkọ̀ kan ni. Kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀, irin ń lu irin lábẹ́ rẹ̀ nígbàkígbà tí táyà bá já sí kòtò. Ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà wa nígbà náà á mọ̀ pé kòtò ò wọ́n níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní Gowon Estate ló ni ọkọ̀ náà. Tòkunbọ̀ ni, irú ọkọ̀ pẹlẹbẹ onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n fi ń sáré, ó pupa fòò. Bó ṣe rà á tán ló ti yọ sípíríǹgì rẹ̀, ó fi èyí tó kúrú sí i, kí ọkọ̀ lè lọ sílẹ̀, kó rí bíi tàwọn tó ń wò lórí fóònù. Ọkọ̀ lọ sílẹ̀ lóòótọ́, wàhálà tó máa tẹ̀lé e ni kò rò. Irin gbọọrọ kan wà níwájú ọkọ̀ tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì kí ọkọ̀ má baà fì tó bá ń yà. Sitebiláísà là ń pè é. Ó ti gòkè kúrò ní ipò rẹ̀, ó wá ń gbá ṣáfùtù tó ń yí táyà. Àwọn mẹkáníìkì tó ti gbé e lọ bá, òmíràn fi gírísì pa á, òmíràn fi òòlù tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kó kàn máa tan rédíò sókè.

Nígbà yẹn, mo ti parí iye ọdún tí màmá mi àti ọ̀gá jọ fẹnu kò sí. Ìyọ̀ǹda ló kù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fúrídọ̀ọ̀mù. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí lè máa rò pé ayẹyẹ lásán ni. Rárá o. Tí ọ̀gá ò bá tíì gbé ọwọ́ lé ẹ lórí, kó ṣàdúrà fún ẹ lójú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, o ò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù níbi kankan ládùúgbò wa, wọ́n á lé ẹ ni. Màmá mi, opó tó ń ta bàtà ọmọdé ní Ìkọ̀tún, ti ń múra sílẹ̀. Ó ti ra ohun mímu àti bisikíìtì, ó ti ránṣẹ́ sáwọn ẹbí wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Torí náà, nígbà tí ọ̀gá nàka sí ọkọ̀ pupa yẹn, tó ní, “Tí ìyẹn bá ti dákẹ́, màá dá ẹ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,” ṣe ni ara mi yá gágá.

Mo fẹ́ràn ọ̀gá yìí gan-an ni. “Ọmọ mi” ló máa ń pè mí, òun ló sì ń mú mi lọ kírun Jímọ̀ lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Èmi náà, ọ̀dẹ̀, mo rò pé ẹni tó bá ti pe èèyàn lọ́mọ, ọmọ náà ló fi í ṣe.

Ibi tí irin ti ń fara kan irin nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, èèyàn ò lè rí i tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Ẹ̀bà ọ̀sán mi ni mo fi wá a. Mo yọ sípíríǹgì kúrò, mo lẹ ẹ̀bà mọ́ ara sitebiláísà káàkiri, mo wá ń fi jáàkì gbé táyà sókè, mò ń sọ ọ́ sílẹ̀, mò ń yí i sọ́tùn-ún, sósì. Ibi tí ẹ̀bà bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ ló ti ń kanra. Àwọn tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní mò ń bọ́ mọ́tò. Ẹ̀bà yẹn ṣá ló fi hàn mí pé líńkéèjì, irin kékeré tó so sitebiláísà mọ́ ẹsẹ̀ táyà, ti gùn jù fún ọkọ̀ tó ti lọ sílẹ̀. Òun ló ń tì í lọ sókè. Mo lọ bá tọ́nà kan, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ní Ìkọ̀tún, ó bá mi ṣe méjì tó kúrú, mo sì fi fáìlì fa ìlà kékeré sí wọn lára, torí ìyangàn lásán. Mo dè wọ́n tán, mo wa ọkọ̀ náà lọ sí Ìjẹ̀gùn, níbi tí ọ̀nà ti burú ju tiwa lọ. Kò dún pínkín. Mo pe màmá mi láti ibẹ̀, ó ní kí n tún un sọ.

Ọjọ́ kejì lọlọ́kọ̀ wá gbé e. Kò tíì dé Ẹ̀gbẹ́dá tó fi ṣẹ́rí padà, a sì ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ náà kó tó yà wọlé. Ọ̀gá ò pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń bẹ ọlọ́kọ̀: “Ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo yára gbé e fún un. Ọmọ náà ò tíì mọṣẹ́.” Mo fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án mọ́, kí n lọ bá òun ra bọ́ọ̀ṣì, rọ́bà abẹ́ ọkọ̀, ní Ìkọ̀tún. Kí n tó dé, ọkọ̀ ti dákẹ́, ó ti lọ, gbogbo èèyàn ń kí ọ̀gá kú iṣẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó bò mí láṣìírí. Ẹ gbọ́ ná, mo dúpẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá màmá mi ní ìsọ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi ọdún kan kún un, pé ọwọ́ mi ò tíì dúró. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ yẹn, màmá mi ò bá mi wí. Ó kàn bi mí pé, “Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni, àbí o ò kọbi ara sí i?” Mo ní màá gbìyànjú sí i. Kí ọdún náà tó pé, ẹ̀jẹ̀ ríru mú màmá mi lọ, a gbé e lọ sin sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Kò pẹ́ tí mo ti ibi ìsìnkú dé lọlọ́kọ̀ pupa tún wá, bíréèkì ló fẹ́ pààrọ̀. Ọ̀gá ò sí nílé, ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan n'Íbàdàn. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo wòkè. Líńkéèjì mi ló wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì, pẹ̀lú ìlà tí mo fi fáìlì fà. Mo wò ó títí ojú fi ń ro mí.

“Bọ̀dá, ta ló tún tọ́jú iwájú ọkọ̀ yìí lẹ́yìn ọ̀gá?”

“Kò sẹ́nì kankan. Àtọjọ́ tí ọ̀gá yín ti ṣe é ló ti dáa.”

Ó wá yé mi. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo parí iṣẹ́, nígbà tí gbogbo wa ti lọlé tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ó tú líńkéèjì mi, ó dá àwọn tó gùn padà. Nígbà tó rán mi lọ sí Ìkọ̀tún, ó tún dá tèmi padà sí i. Ó dùn mí wọra.

Ọ̀gá ò jiyàn nígbà tí mo bi í. Kò tiẹ̀ yíjú. “Ta ni ìbá máa bá mi ṣiṣẹ́?” ló ní. “Àwọn tó kù wọ̀nyí? Mi ò lè jẹ́ kó o lọ nígbà yẹn, ọmọ mi. Torí pé ọwọ́ ẹ dáa ni.”

Mo ní, “Ẹ sọ fún màmá mi pé mi ò mọṣẹ́.”

Ó ní, “Ọlọ́run á fi Àlùjánnà kẹ́ wọn.”

Ó dá mi sílẹ̀ lóṣù yẹn gan-an. Mo kúnlẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà gígùn. Àǹtí mi ló jókòó sáyè màmá mi. Mò ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀ torí pé mo nílò àdúrà náà láti jẹun, inú ń bí mi, mo sì ń ṣe àmín.

Ìgàndó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà báyìí. Àwọn tó bá rẹ ọkọ̀ wọn sílẹ̀ tí irin ń lura máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá mi. Ọjọ́ tí àdéhùn ọmọṣẹ́ mi bá pé, ọjọ́ yẹn ni mò ń dá a sílẹ̀, bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó. Ọ̀gá ṣì ń pè mí lórí fóònù ní Iléyá, mò ń dáhùn pé ẹ kú ọdún, sà. Mo gbọ́ pé ó ń fi mí yangàn káàkiri. Ọdún tó gbà lọ́wọ́ mi, mo ti gbójú kúrò níbẹ̀, orúkọ tó bà jẹ́ náà ti padà sípò. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mi ò rí ṣe. Títí tó fi kú, ó gbà pé ọmọ tí òun ń tìtorí ẹ̀ jókòó sóòrùn Ìkọ̀tún ò mọ iṣẹ́.