Ọkọ Ni, Kì í Ṣe Ọkọ̀

Mo rántí pé búláńkẹ́ẹ̀tì ni ìyàwó mi ń fọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn. Ẹni méjì ló máa ń fún un: èmi á di etí kan mú, òun á di èkejì, a ó máa lọ́ ọ títí omi yóò fi dá. Lọ́jọ́ náà, oníṣẹ́ ọnà kan láti Èkó wà níwájú ilé wa ní Ìkọ̀yà pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ó ń kó ohùn jọ fún iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe nípa ọkọ̀ onígi tí àwọn ará etí omi ń ta ìgbòkùn sí. Àna mi gbẹ́ irú rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, ìyàwó mi, ni ọkùnrin náà wá rí. Ṣùgbọ́n èmi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Mò ń ṣàlàyé ohun tí n kò mọ̀.

Ìyàwó mi ké láti ẹ̀yìnkùlé: “Ọkọ mi o! Ọkọ mi, wá bá mi fún un!”

“Mò ń bọ̀.”

“Bíbọ̀ rẹ yìí, ṣé yóò ṣáájú òjò?”

N kò lọ. Nígbà tó sú u, ó sá a tomitomi. Lọ́sàn-án, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti lọ.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n pè mí wá wo iṣẹ́ ọkùnrin náà ní gbọ̀ngàn kan ní Òkìtìpupa. Wọ́n fi okùn so pákó ọkọ̀ rọ̀, wọ́n na ìgbòkùn sókè, sípíkà wà láàárín wọn. Omi dún, pákó han, ohùn ìyàwó mi tẹ̀ lé e: “Ọkọ̀ mi o! Ọkọ̀ mi!” Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé obìnrin tí ọkọ̀ rẹ̀ rì ló ń dárò. Ẹnì kan ń nu ojú.

“Ọkọ ló pè,” mo sọ fún oníṣẹ́ ọnà náà. “Èmi ló ń pè.”

“Bàbá, mo mọ̀. Ohùn ìparí ọ̀rọ̀ náà ni mo fi ẹ̀rọ fà wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó ń pa wọ́n lẹ́kún?”

“Búláńkẹ́ẹ̀tì ló ń fọ̀! Pa á.”

Ó pa á. Gbọ̀ngàn dákẹ́, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara iṣẹ́ náà ni.

Títí di òní, tí mo bá rántí rẹ̀, itọ́ ẹnu mi a korò. Síbẹ̀, wọ́n ti gé “Mò ń bọ̀” tèmi kúrò níbẹ̀, irọ́ sì ni gbólóhùn yẹn, torí n kò lọ.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, mo ká búláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fọ̀ ọ́. Mo so etí kan mọ́ igi gúáfà, mo di èkejì mú, mo sì lọ́ ọ títí omi fi dá.