Orúnkún Àgbà Lórí Yìnyín

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀wọ̀ lè fojú ọmọ ènìyàn rí, kí ó wo Adédoyin ní ìdájí Sátidé kan ní èbúté ọkọ̀ ojú omi St. George ní New York, bí ó ti ń wọ́ kúlà ìrẹsì méjì, tí àpò bàtà yìnyín kọ́ ọ lọ́rùn, tí ìgbakọ sì yọrí jáde lápò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àpò jákẹ́ẹ̀tì ni ó máa ń fi ìgbakọ sí, nítorí ojú ti rí. Bí a bá kó o mọ́ ẹrù, a kì í rí i mọ́. Nínú gbogbo ohun tó gbé dání, bàtà yìnyín yẹn nìkan ni ó gbé fún ara rẹ̀.

Tompkinsville, àdúgbò kan nítòsí èbúté náà, ni Doyin ń gbé. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi ọ̀fẹ́ yìí kan náà ni ó ń wọ̀ lọ sí Manhattan, sí ọ́fíìsì oníṣègùn eyín kan, níbi tí ó ti ń bá àwọn oní-insurance ṣe àríyànjiyàn láti àárọ̀ di alẹ́ lórí eyín ẹlẹ́yín. Kò kórìíra iṣẹ́ náà, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ràn láyé ni sikíì: kí ènìyàn de pátákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, kí ó dúró ní ṣóńṣó òkè, kí ó sì máa yọ̀ bọ̀ nílẹ̀ lórí yìnyín bí omi lórí ewé kókò. Ìgbà tó wà ní yunifásítì ní apá òkè ìpínlẹ̀ New York ni ó ti kọ́ ọ, kò sì tí ì gbàgbé adùn rẹ̀.

Nígbà tó dé ìlú ńlá tí kò rí ẹni bá lọ, ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp, ó pè é ní Ọmọ Yìnyín. Èrò rẹ̀ ni pé bí òun bá rí ènìyàn mélòó kan, ó parí. Ó gbàgbé irú ẹni tí a jẹ́. Bí Yorùbá mẹ́ta bá pàdé lójú ọ̀nà, wọn á yan alága kí wọ́n tó bi ara wọn léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Kí òtútù ọdún yẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀, ẹgbẹ́ ti ní alága, igbákejì alága, akọ̀wé àdúrà, ìyá ẹgbẹ́, àti bàbá ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, lọ́yà wà níbẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nílé wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ sikíì ló ṣọ̀wọ́n. Wọ́n sì fi Doyin jẹ oyè Olùṣètò Ìrìnàjò. Ìtumọ̀ oyè náà ni pé òun ni yóò háyà bọ́ọ̀sì, òun ni yóò se ìrẹsì, òun ni yóò mọ àgbà tí ẹ̀yìn ń dùn tí kò gbọdọ̀ jókòó sórí táyà, òun náà ni yóò sì ya gbogbo wọn ní fọ́tò.

Ọdún mẹ́ta ni ó ti ń kó wọn lọ sórí òkè, òun fúnra rẹ̀ kò tí ì dé ṣóńṣó òkè náà rí. Bí ó bá ti sún mọ́ àga tó ń fi wáyà gbé ènìyàn gòkè báyìí, fóònù á dún. Ìbọ̀wọ́ ẹnìkan ti sọnù. Ẹlòmíràn ń wá omi gbígbóná. Kò sì lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, nítorí ọjọ́ kan tí ó fi ẹnìkan sílẹ̀ tó ń dúró de tíì, kí ó tó délé ni ìyá rẹ̀ ti gbọ́ ní Abẹ́òkúta. Báyìí ni wọn á ṣe pa àga náà kú lójú rẹ̀, tí yóò sì tún di inú bọ́ọ̀sì. Sátidé yìí ni ìrìnàjò ìkẹyìn ọdún, yìnyín ti ń yọ́ lọ. Doyin bá ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi pé bí ayé ń jó bí ayé ń yí, òun á gòkè lónìí lẹ́ẹ̀kan péré.

Àdúgbò Soundview, ní òdìkejì ìlú, ni bọ́ọ̀sì ti gbéra. Lórí ìjókòó iwájú ni Bàbá Olúsànmí wà, bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wa subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kí ó tó fẹ̀yìntì. Ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, kì í sì í yó. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́ kan kí i ní ìdúró, ó ní, "Hi, Daddy." Bàbá kò sùn lọ́jọ́ náà. Ó kọ òfin kan sórí WhatsApp ẹgbẹ́, ó sì ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè pátápátá níbi tí gbogbo ojú á ti máa rí i: "Ẹni tó bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo jù ọ́ lọ, tẹ orúnkún fún un, ìbáà jẹ́ nínú yìnyín." Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, òfin náà mú wọn, nítorí àyè bọ́ọ̀sì kò gba ìdọ̀bálẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Bàbá bá ti kọ "Ẹ káàárọ̀," ojú fóònù á kún fún àwòrán àwọn ènìyàn kéékèèké tó kúnlẹ̀.

Lórí ìjókòó ẹ̀yìn ni Ìyá Ìwàlẹwà jókòó sí. Ọmọ Harlem ni, àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó bí i. Brenda ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, àwọn olórìṣà tí ó ń bá ṣe ẹ̀sìn ni wọ́n fún un ní orúkọ Ìwàlẹwà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ funfun wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń ṣe sikíì, nígbà tí àwọn dúdú tó ń ṣe é kò ju ẹni tí a lè kó sínú ọkọ̀ kan. Ó rí orúkọ ẹgbẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì wọlé, ìrìnàjò rẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú wọn sì nìyí. Òun nìkan ni ó rò pé ẹgbẹ́ sikíì ni. Bí Diakonẹ́ẹ̀sì Susan Johnson, akọ̀wé àdúrà, ti tajú kán rí ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó yí ìjókòó padà, ó sì di ojú kan ṣoṣo gba àdúrà ìrìnàjò, ó fi èkejì ṣọ́ ọ. Kò sí ẹni tó kúnlẹ̀ kí Ìyá Ìwàlẹwà. Ara rẹ̀ le, aṣọ rẹ̀ fún, wọ́n fojú bù ú bí ẹni àádọ́ta ọdún, "Sister Brenda" ni wọ́n ń pè é.

Wọ́n dé òkè. Ìyá Ìwàlẹwà de pátákó rẹ̀, ó juwọ́ sí wọn, ó lọ. Àwọn yòókù tò sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé jẹ́léósinmi. Doyin ti háyà pátákó tirẹ̀, ó ti ń yọ́ ẹsẹ̀ lọ síbi àga, nígbà tí Bàbá Olúsànmí pè é.

"Doyin, má lọ ibì kankan o. O ò tí ì ya video mi."

"Bàbá, Diakonẹ́ẹ̀sì lè bá yín yà á, sà."

"Ọwọ́ Susan máa ń gbọ̀n. Mo ti ṣèlérí fún àwọn classmates mi nílé pé wọ́n á rí mi lórí snow lónìí. Tí mo bá ti já sísàlẹ̀ ní ìdúró, o lè lọ."

Kí Bàbá já sísàlẹ̀ ní ìdúró! Òkè náà kò ga ju àtẹ̀gùn ilé alájà kan lọ. Doyin rò pé kò lè pẹ́. Ó yọ fóònù.

Ọmọdébìnrin òyìnbó kan ni tíṣà wọn, kò tí ì pé ogún ọdún. Ó dúró síwájú àwọn àgbà, ó tẹ orúnkún tirẹ̀ láti fi hàn wọ́n, ó ní kí gbogbo wọn ṣe bẹ́ẹ̀. "Bend your knees!"

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. "Fún ta ni?"

"Kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni, sà," Doyin ní. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tí ẹ ò bá tẹ orúnkún, ẹ máa ṣubú."

"Doyin, ṣé èmi ni kí n bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ yìí? Mo ní ọmọ-ọmọ tó jù ú lọ." Ó na ara rẹ̀ ṣánṣán bí òpó iná, ó ti ọ̀pá sikíì mọ́lẹ̀, ó gbéra.

Yìnyín kò mọ bàbá ìsàlẹ̀. Kò tí ì lọ jìnnà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ṣáájú rẹ̀ lọ, gbì, ó wà nílẹ̀ gbalaja. Diakonẹ́ẹ̀sì Susan pariwo orúkọ Jésù. Wọ́n gbé Bàbá dìde, wọ́n gbọn yìnyín lára rẹ̀, ó ní kí Doyin pa fídíò yẹn rẹ́. Ó tún gbéra, ó tún nà ṣánṣán, ilẹ̀ tún gbà á. Tíṣà ń pariwo, "Knees, sir! Knees!" Bí ó ti ń pariwo tó ni orúnkún Bàbá ń le sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà yòókù náà ń nà ṣánṣán, nítorí ta ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ fún ọmọdé lójú bàbá ìsàlẹ̀? Gbogbo orí òkè wá kún fún àwọn ẹni ọ̀wọ̀ tó ṣubú lulẹ̀.

Oòrùn ti kọjá àtàrí. Inú ń bí Doyin, inú náà sì ń bí i débi pé omi lé sí i lójú. Kì í ṣe Bàbá ni ó ń bínú sí tán pátápátá. Ó ń bínú sí ara rẹ̀, tó gbé bàtà tirẹ̀ la omi kọjá, tó tún dúró síbí tó ń ya àgbàlagbà tó ń ṣubú ní fídíò.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ìwàlẹwà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó yí pátákó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìmí gúlegúle. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé kí ló dé tí kò tí ì gòkè. Doyin ṣàlàyé: Bàbá kò lè tẹ orúnkún fún ọmọdé, bí kò bá sì tẹ orúnkún kò lè já sísàlẹ̀, bí kò bá já sísàlẹ̀ òun kò lè lọ. Ìyá Ìwàlẹwà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ọkùnrin tó wà lọ́ọ̀kán yẹn, àbúrò òun ni. Òun pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin nínú oṣù tó kọjá.

Ẹsẹ̀ Doyin mọ òfin ju orí rẹ̀ lọ. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yìnyín. Ibi tó kúnlẹ̀ sí yẹn náà ni ọgbọ́n ti dé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "ẹ bá mi dúró síbí, ní ìsàlẹ̀ yìí. Kò ní pẹ́."

Ó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà tọ Bàbá lọ. "Bàbá, àgbà kan wà nísàlẹ̀ tí a ò tí ì kí láti àárọ̀."

"Àgbà wo? Lẹ́yìn mi?"

"Ìyá Ìwàlẹwà ni, sà. Seventy-eight ni wọ́n."

Gbogbo ìlà àgbà yíjú sísàlẹ̀. Bàbá wo obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró nísàlẹ̀, ó wo Doyin. "Seventy-eight? Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i?"

"Ẹ̀yin kọ́, sà. Ẹ ò tí ì dáyé."

Diakonẹ́ẹ̀sì Susan, tó ti ṣubú tó, tí ó sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tán, gbàgbé ìlẹ̀kẹ̀. "Bàbá," ó ní, "òfin ni o. Ìbáà jẹ́ nínú yìnyín."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bàbá Olúsànmí wá ibi tí òfin náà ti lè ní ihò, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì ti dí gbogbo ihò rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó kọjú sí Ìyá Ìwàlẹwà, ó tẹ orúnkún méjèèjì, ó tẹ orí ba, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Pátákó gbéra. Ó ń yọ̀ lọ, ó ń kí i lọ, "Ẹ kú òtútù, mà, ẹ kú ìdúró, mà," kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì, títí tó fi dúró jẹ́ẹ́ níwájú rẹ̀. Tíṣà ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìwàlẹwà, tó jẹ́ pé inú orin àti àdúrà ni ó ti kọ́ ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́, gbé ọwọ́ sókè lé e lórí.

"Dide, omo mi," ó wí, láìsí òkè láìsí ilẹ̀ nínú ohùn rẹ̀.

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti pe Bàbá Olúsànmí ní ọmọ. Ojú rẹ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dà bí ẹni pé ó fẹ́ sunkún. Kò pẹ́ tó fi rántí ara rẹ̀. Ó yíjú sókè sí àwọn yòókù, ó na ọ̀pá sí wọn. "Ẹ tẹ orúnkún! Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ nìyí!"

Ìgbà náà ni wọ́n wá mọ Ìyá. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìkíni lẹ́nu, wọ́n ní kí ó ṣáà dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ní rárá. Ó ní sikíì ni òun wá ṣe, òun kì í ṣe ojúbọ ẹnikẹ́ni. Ó wo Doyin, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ júwe àga orí wáyà.

"Doyin," Bàbá pè, "ó ti yá, lọ gbé ìrẹsì jáde. Ebi ń pa àwọn àgbà."

Doyin dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ó rí Abẹ́òkúta lọ́kàn rẹ̀, ó rí fóònù ìyá rẹ̀ tó ń dún. Ó wá rìn lọ bá Bàbá, ó tẹ orúnkún dáadáa, ó yọ ìgbakọ lápò jákẹ́ẹ̀tì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Àgbà ló ń pín oúnjẹ, sà," ó wí. Kí Bàbá tó mọ̀ bóyá iyì ni wọ́n fún òun tàbí iṣẹ́, Doyin ti de pátákó rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀.

Fóònù dún títí nígbà tí òun àti Ìyá Ìwàlẹwà wà lórí àga náà. Doyin fi í sílẹ̀ kó dún. Nígbà tí wọ́n dé ṣóńṣó òkè, atẹ́gùn fẹ́ sí i lójú, gbogbo ayé funfun lọ nísàlẹ̀, ẹgbẹ́ Ọmọ Yìnyín kéré bí ìrẹsì tó dànù. Kò sí àgbà kankan níwájú rẹ̀, kò sí ẹni tó ń wá ìbọ̀wọ́. Ó tẹ orúnkún, ó sì gbéra.

Nísàlẹ̀, Bàbá Olúsànmí dúró ti kúlà pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́, ó rí ẹnìkan tó ń bọ̀ fírí láti òkè, orúnkún rẹ̀ tẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ ba.

"Ta nìyẹn?"

"Doyin ni," Diakonẹ́ẹ̀sì Susan dáhùn.

Inú Bàbá dùn dé ọ̀fun. Ó gbé ìgbakọ sókè láti gba ìkíni náà. "Ọmọ dáadáa," ó wí. "Ó tó, ó tó. Dìde."

Doyin kò dìde. Ó gba iwájú rẹ̀ kọjá bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ náà, ó sì lọ tò sí ìlà àwọn tó ń padà gòkè.