Bí Mo Ṣe Sọ Àkùkọ Kẹ́hìndé Di Pẹ́pẹ́yẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an, torí àwọn èèyàn Ìgbó-Ọrà ti ń bù mọ́ ọn. Wọ́n ní mo lọ ba nǹkan jẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ní gbọ̀ngàn ìlú. Òótọ́ ni, mo bà á jẹ́. Mo tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ ni. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú mi ti rí.

Èmi ni Táyé. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìdèrè. Kẹ́hìndé tẹ̀ lé mi wáyé lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ yìí: ẹni tó dé kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán èmi ṣáájú pé kí n lọ wo ayé wá bóyá ó dáa. Mo lọ wò ó, mo ké, ó gbọ́ igbe mi, ó jáde. Ọdún márùndínlógójì rèé, obìnrin yìí ò tíì yéé rán mi.

Bí wọ́n bá fẹ́ gún wa lábẹ́rẹ́: "Táyé, kọ́kọ́ lọ." Bí omi odò bá tutù: "Táyé, kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò." Lọ́jọ́ wòlímọ̀ wa ní ilé-kéwú, tí oníkálukú máa ka Kùránì lójú gbogbo ẹbí, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Kẹ́hìndé. Mo ka tèmi, mo sáré lọ pààrọ̀ ìbòrí, mo padà wá, mo ka tiẹ̀. Alfa ní ẹni kejì yìí mà já fáfá ju ti àkọ́kọ́ lọ o. Kẹ́hìndé wà lẹ́yìn ilé ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń jẹ àkàrà. Òun náà ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn.

Ẹ má rò pé ọ̀dẹ̀ ni. Kẹ́hìndé gbọ́n jù mí lọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí. Ó ń yan gààrí níbi iṣẹ́ Màmá Bámiṣẹ́, ìyá àgbà kan tó ní agbada mẹ́rin àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Bí àwọn obìnrin bá jókòó tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, Kẹ́hìndé á bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ìtàn tó fi orí ara rẹ̀ rò, ọ̀bẹ á sì dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn. Màmá Bámiṣẹ́ tí kì í fẹ́ kí iṣẹ́ dúró rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan títí gààrí odindi agbada fi jóná mọ́ ọn lójú. Kẹ́hìndé máa ń kọ àwọn ìtàn náà sínú ìwé pẹ̀lú. Ohun tó wù ú jù láyé ni kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí gbọ́ wọn. Ìgbà tí ibà ń ṣe é ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, torí náà mo mọ̀ pé òótọ́ ni.

Àmọ́ bí nǹkan bá ti fẹ́ dáa fún un báyìí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ọ̀nà tí yóò gbà dà á rú. Á kọ ìtàn tán, á kà á lẹ́ẹ̀kan, á ní kò dùn, á fà á ya, á fi dá iná sábẹ́ agbada. Mo mọ ìtàn mẹ́ta tó dùn gan-an tí àwọn ará Ìbàdàn ti jẹ mọ́ gààrí láìmọ̀.

Olùkọ́ kan ní Erùwà ní kó wá sọ ìtàn fáwọn ọmọ iléèwé lọ́jọ́ ìparí ọdún. Ó múra, ó gun ọ̀kadà, ó dé ìta ìlú, ló bá rántí pé òun ò tíì fọ ìkòkò. Ó padà sílé. Ó fọ ìkòkò tiwa, ó fọ ti ìyá wa, ó fọ ti ará ilé kejì tí kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Nígbà tí ìkòkò fi máa tán nílẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé ti lọ sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Bọ̀dá Fọlábí dé. Òun ló ń ṣe ètò ìtàn ní ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan lágbègbè wa. Ó wá ra gààrí, ó bá Kẹ́hìndé lẹ́nu ìtàn ọlọ́kadà kan, ó sì fìdí lé orí àpò títí ìtàn fi parí. Ó ní kó fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí òun. Kẹ́hìndé gbà á sílẹ̀ nígbà mọ́kànlá, ó pa mọ́kànlá rẹ́. Nígbà tí Bọ̀dá Fọlábí padà wá béèrè, ó ní fóònù ti já sí kànga. Bí ọkùnrin náà ṣe lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kábàámọ̀ pé òun parọ́ fún ọmọlúàbí èèyàn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀gbọ́n mi rìn lọ síbi kànga, ó ju fóònù sínú rẹ̀, kó lè di òótọ́.

Bọ̀dá Fọlábí ò bínú. Ó ní, kò burú, ní Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní gbọ̀ngàn ìlú, ẹni mẹ́ta máa sọ ìtàn lójú èrò. Ẹni tó bá sọ ọ́ dáa jù ni yóò máa sọ ìtàn lórí rédíò ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ fún odindi ọdún kan.

"Àmọ́ Kẹ́hìndé, bí o ò bá wá lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní pè ẹ́ mọ́. Èèyàn lèmi náà."

Ní Ọjọ́rú, inú ń run ún. Ní Ọjọ́bọ̀, orí ń fọ́ ọ. Ní Jímọ̀, ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún òun ò ṣe é fi tẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo rí i tó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kan náà lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Táyé, ìwọ lo máa lọ. Ojú kan náà la ní. O sì ti gbọ́ ìtàn ọlọ́kadà yẹn tó ìgbà ogún."

"Mi ò lọ."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n?"

"Kẹ́hìndé, orúkọ ẹ ni wọ́n kọ sílẹ̀!"

"Mo ní ta ni ẹ̀gbọ́n nínú èmi pẹ̀lú ẹ?"

Mo gbé ẹjọ́ lọ bá ìyá wa. Ìyá wa ò tiẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ rán ẹ níṣẹ́, o wá ń bi mí?" Ọ̀rọ̀ tán.

Inú bí mi débi pé mo rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn. Ibi tí mo ti ń tú u ni ọgbọ́n kan ti sọ sí mi. Lóòótọ́, Kẹ́hìndé lẹ́tọ̀ọ́ láti rán mi, mi ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ pé mo gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Mo lọ bá a, mo ní mo ti gbà, kó ṣáà bá mi dé ibẹ̀ kó lè bá mi di báàgì mú. Inú rẹ̀ dùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún san lójú ẹsẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó mọ ohun tí mo ṣe, ẹ gbọ́ ìtàn náà. Ọlọ́kadà kan gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ láti Ìgbó-Ọrà, wọ́n ń lọ sí Erùwà, màmá so àkùkọ ńlá kan mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ní gegele àkọ́kọ́, màmá bọ́ sínú koríko, ọlọ́kadà ò mọ̀. Ló bá ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún un lójú ọ̀nà: pé òun lòun jẹ ẹran iléyá tí wọ́n ní ológbò jẹ, pé òun ò ṣàìsàn lọ́jọ́ tí wọ́n pe òun wá kọ́lé màmá. Àkùkọ ń kùn lẹ́yìn, ọlọ́kadà rò pé màmá ló ń dárí jì òun. Adùn rẹ̀ ni pé Kẹ́hìndé kì í jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé màmá ti bọ́ títí wọ́n á fi dé Erùwà, tí ọkùnrin náà á yíjú padà, tí òun àti àkùkọ á jọ máa wo ara wọn.

Gbọ̀ngàn kún ní Sátidé. Olùkọ́ Obadiah tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ ròyìn bó ṣe ra kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, kò tíì rà á nígbà tí àkókò rẹ̀ pé. Ẹnì kejì ni Purity, ọmọbìnrin tó ń ta káàdì fóònù. Ọmọ yẹn dáńgájíá! Ìtàn olè inú oko àgbàdo ló sọ, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí bẹ́ǹṣì fi ń mì. Mo wẹ̀yìn, mo rí Kẹ́hìndé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti fa híjáàbù bojú dé imú, ó gbá báàgì mi mọ́ àyà.

Wọ́n pe Kẹ́hìndé. Mo gun orí pèpéle, ni ẹ̀rù bá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Èmi tí mo ti gba abẹ́rẹ́ ṣáájú èèyàn láti kékeré! Ó wá yé mi níbẹ̀. Gbogbo ohun tó ti ń rán mi lọ ṣe, kò sí èyí tó wù mí nínú wọn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù wọn kì í fi í bà mí. Èyí ni ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ jù láyé, ọwọ́ mi ló wà yìí. Bí mo bá bà á jẹ́ tí kò bá dìde, ó tán nìyẹn. Àṣé báyìí ló ṣe máa ń ṣe é! Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi, ó ku díẹ̀ kí n sọ ìtàn náà bó ṣe yẹ. Ni mo bá wo ẹ̀yìn, mo rí i tó ń mi orí sí mi pé kí n máa bá a lọ, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó ti ra ẹ̀pà. Ó ń jẹ ẹ́. Àánú náà kúrò lára mi.

Mo ní, "Ọkùnrin kan gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ìyá náà bọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà ò mọ̀."

Ẹnì kan wúkọ́. Mo rí i tí ẹnu Kẹ́hìndé dúró.

Mo ní, "Ó pẹ́ kó tó mọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀. Mi ò rántí ohun tó ń sọ." Bọ̀dá Fọlábí gbé bíírò, ó ń wá ibi tí orúkọ Kẹ́hìndé wà kó lè fa igi lé e. Mo ní, "Ẹyẹ kan sì wà lẹ́yìn ọ̀kadà. Pẹ́pẹ́yẹ ni."

"Pẹ́pẹ́yẹ kẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. "Pẹ́pẹ́yẹ náà sanra, ó ń sùn, kò sọ nǹkan kan."

"Àkùkọ ni! Táyé, àkùkọ ni! Ta ló ń sọ fún wọn pé ó ti bọ́? Ta ló rán ẹ pé kó o sọ ọ́ báyẹn?"

"Ìwọ ni," ni mo wí.

Ó ti ń bọ̀, báàgì mi lọ́wọ́, ẹ̀pà ń já bọ́ lára rẹ̀. Níbòmíràn, àwọn èèyàn ì bá ti pariwo pé ojú kan náà ló wà lókè tó tún wà nílẹ̀. Ní Ìgbó-Ọrà, ta ló fẹ́ pariwo torí ìbejì? Obìnrin kan kàn sún ẹsẹ̀ fún un, ó ní, "Ẹ jẹ́ ó kọjá, èyí tó mọ̀ ọ́n ló ń bọ̀ yìí."

Ó fi ìgbáròkó tì mí kúrò lójú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó bọ́." Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ìtàn, ó ṣàdédé dákẹ́. Ó ti rántí ibi tó wà. Ó yíjú sí mi, mo mọ ohun tí ojú yẹn ń sọ, mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí a dáyé. Mo gbójú sókè, mo ń wo fáànù. Ọlọ́run ló mọ bó ṣe rí lára mi. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ tó fa èémí, ó ní, "Ọlọ́kadà ní, 'Màmá, ẹran iléyá yẹn...'" Ó ń bá a lọ. Nígbà tí àkùkọ àti ọkùnrin náà fi máa wo ara wọn ní Erùwà, Màmá Bámiṣẹ́ ti wà lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Purity gan-an ń nu omijé ẹ̀rín.

Bọ̀dá Fọlábí wo èmi, ó wo òun. "Èwo wá ni Kẹ́hìndé nínú yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa igi lé ti pẹ́pẹ́yẹ yẹn."

Wọ́n fún un ní Ọjọ́bọ̀. Ó bá mi jà dé ilé, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì jẹ́ kí n mọ̀ pé torí pẹ́pẹ́yẹ ni, kì í ṣe torí ohun mìíràn. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, àwa méjèèjì jọ lọ. A dé ẹnu ọ̀nà ilé rédíò, ó dúró.

"Táyé, kọ́kọ́ wọlé, bá mi wò ó bóyá wọ́n ti ṣe tán."

Mo bọ́ bàtà mi, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó wò mí títí. Ó mí kanlẹ̀, ó fi híjáàbù nu ojú, ó ṣílẹ̀kùn.

Ọlọ́kadà tó gbé wa wá tan rédíò rẹ̀. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó ń gbọ̀n díẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàsán o. Orúkọ mi ni Kẹ́hìndé. Táyé wà níta. Lónìí, èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé."

Mo bú sẹ́kún lórí àtẹ̀gùn bí ọmọdé. Ọlọ́kadà bi mí pé ṣé ìtàn náà ò dùn ni. Mo ní ó dùn, pé pẹ́pẹ́yẹ nìkan ni kò sí nínú rẹ̀.